Bàlúùnù Tí Mo So Sókè Àbẹ́là

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ kú àfaradà ẹjọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó ni mo sábà máa ń rí níbí, mo sì máa ń fi àwọn tó ń kọ ọ́ rẹ́rìn-ín. Òní ti kàn mí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan mì, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún ìyá tó bí mi. Ohun tó mú mi kọ ọ́ báyìí ni pé obìnrin kan ń ṣàìsàn ní Àjàgbà, ó kọ̀ láti lo oògùn, ẹ̀bi mi sì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi tán kí ẹ tó bú mi.

Ìjẹ̀ṣà ni mí. Kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì, mo jáde, iṣẹ́ kò sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 yìí, iléeṣẹ́ olùdámọ̀ràn kékeré kan ní Èkó gbà mí, wọ́n ní kí n lọ ṣe ìwádìí ọjà nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọjà wo? Ọjà gáàsì tí wọ́n ń pè ní haidirojín.

Ọ̀gá mi ní ọjọ́ ń bọ̀ tí orílẹ̀-èdè wa máa ní ilé iná átọ́míìkì tirẹ̀. Ó ní iná náà ni wọ́n máa fi ya omi sí méjì, tí gáàsì yìí á jáde lára omi. Àwọn tó ń ronú àtifowó sí i ń béèrè pé ta ló máa rà á. Gáàsì yìí náà ni àwọn iléeṣẹ́ máa ń fi sínú òróró àti epo kó lè dì, kó di bọ́tà tí à ń fi sí búrẹ́dì. Bẹ́ẹ̀, epo ló kún Òkìtìpupa àti agbègbè rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi rán mi nìyẹn.

Kí n má parọ́, mo gbádùn iṣẹ́ náà. Mo lọ bá àwọn tó ní ẹ̀rọ ìfúnpo, mo lọ bá àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú, mo lọ bá àwọn wẹ́dà tó ń fi gáàsì jó irin ní Òkìtìpupa. Wọ́n á fún mi níjòókòó, wọ́n á gbọ́ gbogbo àlàyé mi, wọ́n á wá bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Àwọn tó mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ni mí ní òṣómàáló ti dé o, pé nígbà tí àwọn bàbá wa ń bọ̀, aṣọ ni wọ́n gbé wá, pé èmi wá ta afẹ́fẹ́. Tí mo bá sì fẹnu kan átọ́míìkì, ẹ̀rín á dá. Bọ́m̀bù nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá mi ní kí n má máa fi ìyẹn síwájú ọ̀rọ̀ mọ́.

Ìkọ̀yà ni mo gba yàrá sí, lọ́wọ́ opó kan tí a ń pè ní Ìyá Mosún. Ilé ọkọ rẹ̀ ló ṣì ń gbé, inú oko ọ̀pẹ ọkọ rẹ̀ ló sì ti ń gé ẹyìn tó fi ń ṣe epo lẹ́yìnkùlé. Mosún, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nílé ìwé àwọn olùkọ́ nígbà yẹn, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó sọ mí di ọmọ. Kò jẹ́ kí n dáná. Òun ló kọ́ mi ní jíjẹ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwọn. Ó máa ń fi Yorùbá ilé ìwé bá mi sọ̀rọ̀ torí pé Ìkálẹ̀ kò yé mi, àfi "ọma mi" tó máa ń pè mí.

Nígbà tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún un, ó ń da ẹyìn sínú ìkòkò lọ́wọ́. Kò dúró.

Ó ní, "Ọma mi, epo tí Ọlọ́run ní kó máa ṣàn, kí ló dé tí ẹ fẹ́ kó dì?"

Mo ní kó lè ṣe é gbé lọ sọ́nà jíjìn ni, kó sì lè ṣe bọ́tà.

Ó ní, "Tí ọyẹ́ bá dé, ó máa ń bá wa dì í lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọyẹ́ ni oníbàárà wa."

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Èkó lóòótọ́. Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun kan nípa Ìyá Mosún, torí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìjọ Aládùúrà kan ní ìlú náà ni wọ́n ń lọ, òun àti gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo Aládùúrà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọ tiwọn kì í lo oògùn. Wọn kì í lọ ọsibítù, wọn kì í mu àgbo. Omi àdúrà ni, òróró ni, ààwẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan ó wọ yàrá mi láti gbálẹ̀, ó gbé ìrọ̀rí, ó rí páálí oògùn orífífọ́ mi lábẹ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí. Ó fi ìrọ̀rí bò ó padà, ó ní kí n máa tọ́jú ẹrù mi dáadáa. Mo rò pé àánú mi ló ṣe é ni. Mi ò mọ̀ pé ó ní tirẹ̀ tó bò.

Nígbà tó yá, mo rí i pé àwọn èèyàn kì í dáhùn lórí ohun tí ojú wọn kò rí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gáàsì náà díẹ̀díẹ̀ fúnra mi, bí a ti ń ṣe é ní yàrá kẹ́mísìrì, mo sì ń fi kún bàlúùnù. Tí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á lọ sókè gan-an, á kọjá orí ọ̀pẹ. Àwọn àgbà á dìde lórí àga. Orúkọ mi di Àǹtí Gáàsì láti Ìkọ̀yà dé Òkìtìpupa. Ọ̀nà wá là fún mi, àwọn tí kì í fẹ́ dá mi lóhùn ń béèrè pé èló ni wọ́n máa tà á.

Ohun tí mi ò fi hàn wọ́n ni pé gáàsì náà máa ń gbiná. Mo mọ̀ dáadáa. Ní Èkó, ọ̀gá mi ti ṣáná sí bàlúùnù kan níwájú wa, ó dún, iná sì là jáde nínú rẹ̀ débi pé gbogbo wa fò sẹ́yìn. Ó wá kìlọ̀ fún wa pé ká má fi ìyẹn han oníbàárà kankan, pé ẹni tó bá ń wá ọjà kì í fi àléébù ọjà ṣe ìkíni. Ohun kejì tí mo mọ̀ ni pé bàlúùnù náà kì í pẹ́ lókè. Gáàsì máa ń jò lára rọ́bà. Èyí tí mo bá so mọ́ àjà ní alẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo ti máa ń bá a láàárọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn, torí mi ò ní àwáwí kankan lórí wọn.

Ìkórè ìjọ wọn súnmọ́. Mo rò ó pé gbogbo àwọn tí mo ń wá kiri, elépo, ọlọ́ṣẹ, oníṣòwò, ibẹ̀ ni wọ́n máa pé sí lọ́jọ́ kan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi bàlúùnù ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́. Bàbá Aládùúrà, ìyẹn olórí ìjọ wọn, kọ́kọ́ ṣiyèméjì. Ìyá Mosún ló lọ bá a. Ó ní ọmọ òun ni mí, òun dúró fún mi. Bàbá gbà.

Mo so àwọn bàlúùnù náà mọ́ okùn gígùn láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, wọ́n lọ dúró sókè téńté lábẹ́ àjà, lókè pẹpẹ gan-an, torí ibẹ̀ ni ojú gbogbo èèyàn máa wà. Àbẹ́là ló kún orí pẹpẹ lábẹ́ wọn. Mo rí àwọn àbẹ́là náà. Mo wo ìsàlẹ̀, mo wo òkè, mo ní ó jìnnà síra wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ìsìn ìkórè ṣe ń pẹ́ tó. Ẹgbẹ́ yìí á jó wọlé, ẹgbẹ́ yẹn á jó wọlé, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ta iṣu, wọ́n á ta epo. Nígbà tó máa di ọ̀sán, mo gbójú sókè, mo rí i pé àwọn bàlúùnù mi ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ dìde. Wọ́n sì ń pe ẹgbẹ́ àwọn ìyá lọ́wọ́, Ìyá Mosún ló ṣáájú, ó ru kẹ́ẹ̀gì epo tó fẹ́ fi tọrẹ. Mo ní kí wọ́n jó kọjá ná, kí n má ba ayẹyẹ jẹ́. Ó ń kúnlẹ̀ láti gbé epo náà kalẹ̀ níwájú pẹpẹ ni ọ̀kan nínú àwọn bàlúùnù náà fara kan ẹnu àbẹ́là.

Ó dún bí ìbọn. Iná là lókè, òmíràn gbà á, òmíràn gbà á. Aṣọ pẹpẹ mú, apá súùtánà Bàbá Aládùúrà mú, irùngbọ̀n alàgbà kan jó. Àwọn ọkùnrin da omi àdúrà lu iná náà títí ó fi kú. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó kú, ọwọ́ Bàbá nìkan ló lé ròrò.

Bàlúùnù tí àwọn èèyàn mọ̀ kì í gbiná, ó kàn ń bẹ́ ni. Bàbá Aládùúrà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yíjú sí mi. Kò pariwo, àní ó fi ọ̀wọ̀ bi mí. Ó ní, "Àǹtí, ṣé nǹkan tí ẹ gbé wá yìí máa ń gbiná?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Mo lè kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò ó pé wọ́n máa nà mí. Mo rò ó pé ọ̀gá mi máa lé mi, pé wọ́n máa ní gáàsì átọ́míìkì sun ilé Ọlọ́run. Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Afẹ́fẹ́ lásán ni."

Bàbá gbà mí gbọ́. Kí ló fẹ́ mọ̀ nípa kẹ́mísìrì? Ó yíjú sí ìjọ, ó ní tí kò bá ti ọwọ́ èèyàn wá, a jẹ́ pé òkè ló ti wá, kí ẹni tó bá mọ ohun tó ń bò mọ́lẹ̀ sọ ọ́ jáde kí gbogbo ìjọ má bàa pín nínú rẹ̀. Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn tí láburú bá ṣẹlẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ló kàn.

Ìyá Mosún kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. Epo rẹ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, èmi ni."

Ó ní nígbà tí bàbá Mosún dùbúlẹ̀ àìsàn, tí wọ́n gbàdúrà títí tí ara rẹ̀ kò yá, òun lọ já ewé, òun se àgbo ibà fún un lẹ́yìn gbogbo ìjọ. Ó ní ọkọ òun mu ún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó korò, ó sì kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ó ní òun ti bò ó mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé Ọlọ́run kò gbàgbé.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ wà lórí ìjókòó. Ó dìde, ó jáde, mo rí i tó ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé àgbo ibà kọ́ ló pa ọkùnrin náà. Mo mọ ibi tí iná ti wá. Èmi nìkan ni mo mọ òótọ́ méjèèjì nínú ilé náà, mo sì jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ohun tí mo lè pe irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ẹbí ọkọ rẹ̀ ṣèpàdé. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ìbá yè ká ní kò fi ewé ba àdúrà jẹ́. Wọ́n ní kó fi ilé sílẹ̀, kó fi oko ọ̀pẹ sílẹ̀, kó padà sí Àjàgbà, ìlú bàbá rẹ̀. Èmi ni mo bá a ru àwọn ìkòkò ìsepo rẹ̀ dé títì. Ẹkún ni mo ń sun. Ó rò pé àánú òun ló ń ṣe mí, òun ló tún wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ó ní, "Má sunkún, ọma mi. Iná yẹn ló bá mi sọ ẹrù kalẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbá mú láti ọjọ́ náà. Tí ẹ̀rí ọkàn bá ti fẹ́ dà mí láàmú, mo máa ń sọ pé òun fúnra rẹ̀ ní ara tu òun. Ẹ ò rí ọ̀lẹ.

Ìwádìí náà? Kò sí ọjà. Èsì tó jáde nìyẹn. Ilé iṣẹ́ epo kò fẹ́ gáàsì, ọlọ́ṣẹ kò fẹ́, wẹ́dà ní gáàsì tòun ṣì ń ṣiṣẹ́. Iléeṣẹ́ wa ní Èkó tú ká kí ọdún náà tó yí. Títí di òní, mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fi átọ́míìkì ya omi kankan ní orílẹ̀-èdè yìí. Gbogbo ohun tí mo fi Ìyá Mosún dáàbò bò, kò tiẹ̀ sí níbẹ̀.

Mi ò padà sílé. Mo fẹ́ olùkọ́ kan ní Òkìtìpupa, èmi náà sì ń kọ́ kẹ́mísìrì nílé ìwé girama. Ọdọọdún ni mo máa ń dé orí haidirojín. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé tí ẹ bá fi iná súnmọ́ ọn, ó máa dún, ẹ̀rí tí a fi ń dá a mọ̀ nìyẹn. Ohun tí mo sẹ́ níwájú pẹpẹ, mo ń gba owó oṣù lé e lórí.

Láìpẹ́ yìí ni Mosún wá bá mi nílé ìwé. Òun náà ti di olùkọ́. Ó ní ikọ́ ife ń ṣe ìyá òun, ó ti gbẹ bí igi. Dókítà ní oògùn rẹ̀ wà, pé tó bá lè máa lò ó láìdá a dúró, ara rẹ̀ á yá. Ìyá Mosún kọ̀. Ó ní òun ti fi oògùn pa ẹnì kan, Ọlọ́run sì fi iná kìlọ̀ fún òun lójú gbogbo ayé, òun kò ní dán an wò lẹ́ẹ̀kejì. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wá ń lọ ní Àjàgbà gan-an kò lòdì sí oògùn. Àlùfáà ibẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́.

Mosún di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa gbọ́ tiyín. Wọ́n máa ń sọ pé nígbà tí gbogbo ayé pa àwọn tì, ẹ̀yin lẹ ru ìkòkò àwọn dé títì."

Mi ò lè wo ojú ọmọ náà. Mo ní màá wá lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí Sátidé dé, mo lọ sí gáréèjì, mo wọ ọkọ̀ Àjàgbà. Kí ọkọ̀ tó kún, mo sọ̀ kalẹ̀, mo padà sílé, mo sọ fún ọkọ mi pé inú ń run mí.

Ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe ẹyọ kan. Mosún lè ṣépè fún mi. Ẹbí ọkọ rẹ̀ lè ní mo parọ́, torí pé tí mo bá sọ òótọ́, a jẹ́ pé wọ́n gba ilé lọ́wọ́ opó láìnídìí. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ́ kí n máa jí lójijì ni ti Ìyá Mosún fúnra rẹ̀. Ó ti fi ọdún wọ̀nyí gbà pé Ọlọ́run bá òun wí, pé Ó sì dárí jì òun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún aláìsàn pé kò sí ìbáwí kankan níbẹ̀, pé èmi tó ń pè lọ́mọ ló wà níbẹ̀? Ṣé kò ní jẹ́ pé ìbànújẹ́ ló máa pa á kí ikọ́ tó pa á? Tí mo bá sì dákẹ́, ikọ́ náà ò ní dákẹ́.

Mo ti mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí kọ́ nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí n ti lọ, àmọ́ mo mọ ara mi, mo tún lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ síta nìyẹn, kí ojú lè tì mí tó láti jókòó títí ọkọ̀ á fi gbéra.

Ìyá Mosún kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ohun tó bá rí ló máa ń gbà. Mo ti ra bàlúùnù kan. Ó wà nínú báàgì mi pẹ̀lú ìgò tí mo fẹ́ fi ṣe gáàsì náà àti páálí ìṣáná. Mo fẹ́ so ó mọ́ igi lẹ́yìnkùlé rẹ̀, níbi tó ti lè jókòó wò ó láti òkèèrè, kó rí i pé iná yẹn máa ń là fún ẹnikẹ́ni, bó ṣẹ̀ bí kò ṣẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tó ń ka èyí, ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ èèyàn rí tí wọ́n sì gbà fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ṣoṣo ni mi ò mọ̀. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣé kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ni, àbí kí n kọ́kọ́ ṣáná?